Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mú Ìwé Wá Sílé

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìdílé
Ibi kíkà: 2 Tímótì 4:13, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8:26–35

Ẹ̀kọ́ wa lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wà. Ó dá lórí ilé ìkàwé tí ó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní láíbìrì. A mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ wa, a mọ aago tí ilé ẹ̀kọ́ ń parí, a sì mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé, "Ìwé wo ni ọmọ yín yá ní láíbìrì lọ́sẹ̀ yìí?" àwọn tí yóò lè dáhùn nínú wa kò pọ̀. Èmi pàápàá kò lè dáhùn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí mo dá padà

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọmọ ọdún méje, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù kékeré kan ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní kí òbí fi ọwọ́ sí i kí ọmọ lè máa yá ìwé wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ìwé bá sọnù, wọ́n lè ní kí òbí san owó rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì ni mò ń ṣe lóru, ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án, yàrá méjì sì ni àwa márùn-ún ń gbé. Mo wo fọ́ọ̀mù náà, mo rí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀, mo sì sọ fún ọmọ náà pé, "Má gbé ìwé ẹnikẹ́ni wọ ilé yìí. A kò wá sí ìlú yìí láti wá jẹ gbèsè." Mo dá a padà láì fi ọwọ́ sí i.

Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ọdún kan kọjá. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí àwọn òbí ń lọ gbọ́ nípa iṣẹ́ ọmọ wọn, olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin kò fẹ́ kí ó máa kàwé nílé ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Bàbá wo ni yóò kúrò ní Ìbàdàn wá sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní fẹ́ kí ọmọ òun kàwé? Obìnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí kíláàsì bá wọ láíbìrì lọ, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń yan ìwé tí yóò gbé lọ sílé, ọmọ mi a jókòó sí ìdí tábìlì, a ka díẹ̀ nínú ìwé kan, a sì dá a padà sórí pẹpẹ nígbà tí agogo bá lù. Nígbà tí wọ́n bi í pé èéṣe, ó ní, "Bàbá mi ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè."

Ojú tì mí gidigidi. Ọ̀sẹ̀ bí 39 ni ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí nínú ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ náà ì bá ti mú ìwé kan ṣoṣo wá sílé lọ́sẹ̀ kan, ìwé 39 nìyẹn. Nítorí ìwé kan tí ó lè sọnù, mo ti gba gbogbo wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi ní ibi tí mo ti kọ́ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí èmi lọ nílé, kọ́bọ́ọ̀dù kan ni láíbìrì wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èmi kò sì rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣí i fún wa. Ẹni tí ó bá ya ojú ìwé, ẹgba ni yóò jẹ. Ohun tí a kọ́ wa ni pé ìwé jẹ́ ohun tí a ń ṣọ́ kí ó má bàjẹ́. A dàgbà, a gbé ẹ̀rù náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, a sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀yin náà bá ní irú ẹ̀rù yìí, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin nìkan ni.

Kí ni láíbìrì wà fún?

Ìwé kíláàsì ni olùkọ́ ń yàn, gbogbo ọmọ ló sì ń ka ohun kan náà. Ìwé láíbìrì ni ọmọ ń fúnra rẹ̀ yàn, ìyàtọ̀ yìí sì tóbi. Ọmọ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò mú ìwé nípa bọ́ọ̀lù. Èyí tí ó fẹ́ràn ẹranko yóò mú ìwé nípa kìnnìún. Ọmọ tí a ń pè ní ọ̀lẹ nínú ìwé kíkà, ó lè jẹ́ pé kò tíì rí èyí tí ó wù ú kà ni. Bí ó bá mú ọ̀kan tí kò dùn mọ́ ọn, yóò dá a padà yóò sì mú òmíràn, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ta ni nínú wa tí ó lè ra ìwé mẹ́wàá ní ilé ìtàwé kí ọmọ tó rí ọ̀kan tí yóò fẹ́ràn? Ọmọ olówó ní pẹpẹ ìwé nínú yàrá rẹ̀. Láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ ni pẹpẹ ìwé ti ọmọ ẹni tí kò ní.

Ètò wà nínú bí wọ́n ṣe ń to ìwé náà. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Melvil Dewey ló gbé ètò náà jáde ní ọdún 1876. Ó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó sì fi nọ́ńbà sí wọn láti 000 títí dé 999. Ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ ní 200, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 500, ìtàn àti ìmọ̀ nípa àwọn ilẹ̀ ayé ní 900. Bí ọmọ yín bá lọ sí 220, Bíbélì ni yóò bá níbẹ̀, ní 398.2, yóò bá àlọ́, ní 796.334, bọ́ọ̀lù; ní 966.9, ìtàn Nàìjíríà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń fi àwọ̀ kún nọ́ńbà náà nítorí àwọn ọmọ kékeré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé ètò yìí fún yín. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò lè wọ láíbìrì ìlú, bóyá ti yunifásítì pàápàá lọ́jọ́ iwájú, kí ó sì mọ ibi tí yóò kọrí sí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo ètò kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù?" Òótọ́ ni, ó sì ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí ọmọ fi ń kàwé ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, òun náà ni eré àti fídíò wà lórí rẹ̀. Kí ó tó ka ojú ìwé kan tán, ó ti lọ síbòmíràn. Ìwé kò ní irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà tí fóònù kò lè ṣe. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní olùtọ́jú láíbìrì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò mọ ọmọ náà, yóò rántí ìwé tí ó kà gbẹ̀yìn, yóò sì sọ pé, "Bí èyí bá dùn mọ́ ọ, gbìyànjú èyí náà wò."

Ọmọ àtìpó kan tí ó rí ìwé yá

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ sí ilẹ̀ òkèèrè bíi tiwa. Ìlú Dunfermline ní Scotland ni wọ́n ti bí Andrew Carnegie ní ọdún 1835. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi ń hun ún. Nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ dé, iṣẹ́ bàbá náà bàjẹ́. Ní ọdún 1848, wọ́n yá owó, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Allegheny lẹ́bàá Pittsburgh. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú, tí wọ́n ń san $1.20 fún un lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọmọ tí ń mú tẹligíráàmù káàkiri ìlú.

Kò sí owó ìwé nílé wọn. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní ìlú náà, Colonel James Anderson, tí ó ní ìwé bí 400. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, ó máa ń ṣí ilé ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́, kí kálukú wá yá ìwé kan, kí ó sì wá pààrọ̀ rẹ̀ ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó yá, láíbìrì náà tóbi sí i, ẹni tí ń ṣe àbójútó rẹ̀ sì sọ pé àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló lè yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́; kí àwọn bíi Carnegie máa san $2 lọ́dún. Ọmọ náà, tí kò tíì pé ogún ọdún, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìlú láti fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n yí òfin náà padà, ó sì ń yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó di olówó ńlá nínú iṣẹ́ irin, kò gbàgbé ìwé Sátidé wọ̀nyẹn. Wọ́n ṣí ilé ìkàwé àkọ́kọ́ tí ó fi owó kọ́ ní Dunfermline ní ọdún 1883. Kí ètò náà tó parí, owó rẹ̀ ti kọ́ èyí tí ó lé ní 2,500 káàkiri ayé, bí 660 nínú wọn sì wà ní Britain àti Ireland. Ẹ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kọjá nínú bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ láì mọ̀. A kò sọ pé gbogbo ìwà ọkùnrin yìí ni kí ọmọ wa fi ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí ní ọdún 1892, nígbà ìyanṣẹ́lódì ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Homestead, àwọn òṣìṣẹ́ kú. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni ti lẹ́tà yẹn. Ọmọ àtìpó tí kò ní owó gbà pé ìwé tọ́ sí òun, ó sì béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè. A rò pé ti onílẹ̀ ni, pé àlejò ni àwa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Ní oṣù January ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ló mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà tí wọ́n mọ̀ pé kíláàsì nìkan kò tó. Ọ̀kan nínú wọn ni Felicia Adetowun Ogunsheye, tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà ní ọdún 1973. Ìmọ̀ nípa láíbìrì gan-an ni ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dá láíbìrì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Abadina nínú ọgbà yunifásítì náà, kí àwọn ọmọdé lè ní ibi tí ìwé wà ní àrọ́wọ́tó wọn.

Ṣé ìwé ìtàn kì í ṣe eré lásán?

Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ láàárín wa. Bàbá fẹ́ kí ọmọ di dókítà, ó wá bá a tí ó ń ka ìtàn nípa ọmọdébìnrin kan àti ajá rẹ̀, ó ní, "Gbé ìyẹn sílẹ̀, lọ ka ìwé gidi." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa àlọ́ fún wa lálẹ́, ṣé eré lásán ni? Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ òwe, tí a mọ bí a ti ń tẹ́tí, tí a sì kọ́ bí a ti ń rántí ohun tí ó ṣáájú kí a tó lè lóye ohun tí ó kẹ́yìn. Ìwé ìtàn ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọmọ tí ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu wa nílé kò pọ̀: ti ọjà, ti iṣẹ́, ti "wọ bàtà rẹ, bọ́ọ̀sì ti dé." Èyí tí ó ń gbọ́ níbi eré náà kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yóò fi dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, inú ìwé ni ó wà. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì pàápàá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ tí kò bá lè ka ìbéèrè yé kò lè dáhùn rẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó. Ọmọ tí ń ka ìtàn fún ìgbádùn ń kó ọ̀rọ̀ jọ láì mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Nínú láíbìrì lónìí, ọmọ wa lè rí ìwé tí ó jọ ilé rẹ̀. Atinuke, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí ó sì ń gbé ní Wales, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé rẹ̀ nípa Anna Hibiscus jáde ní ọdún 2007. Ọmọdébìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni Anna, inú ilé ńlá kan ni ó sì ń gbé pẹ̀lú bàbá àgbà, ìyá àgbà, àwọn àǹtí àti àwọn ìbátan rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ka ọ̀kan nínú wọn, ó sáré wá bá ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ilé wọn dà bí ilé Màmá Ìbàdàn!" Ọmọ tí ó bá rí ilé ìyá ìyá rẹ̀ nínú ìwé yóò mọ̀ pé ilé náà yẹ ní kíkọ nípa rẹ̀.

Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní láíbìrì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu. Nínú ìwé kejì sí Tímótì, Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun mú aṣọ òtútù òun wá, àti àwọn ìwé òun pẹ̀lú. Ní England lónìí, òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ pé gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n gbọ́dọ̀ ní láíbìrì. Ó dára bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù pàápàá yóò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ni ó kù sí, bí owó bá sì dín, láíbìrì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Àjọ National Literacy Trust ti sọ pé nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méje ti ìjọba, ọ̀kan kò ní láíbìrì, àti pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò àwọn tálákà. Ní oṣù September ọdún 2025, ìjọba ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní England lè ní láíbìrì. Ìlérí dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá sunkún ni ìyá rẹ̀ ń fún lọ́mú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín.

Kí ó tó dé, láíbìrì ìlú wà. Òfin kan tí ilé aṣòfin ṣe ní ọdún 1964 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún káńsù láti pèsè láíbìrì fún àwọn tí ń gbé, tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò wọn, yíyá ìwé níbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún láíbìrì pa nítorí owó. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a máa lo àwọn tí ó kù. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Peckham mọ ilé aláwọ̀ tútù ńlá tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, tí ó sì gba ẹ̀bùn Stirling fún ilé tí ó dára jù lọ ní ọdún kan náà. Ẹ má ṣe máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì nìkan.

Ohun tí òbí lè ṣe

1. Ẹ fi ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Bí ẹ̀rù owó bá ń bà yín, ẹ bi olùkọ́ léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá sọnù. Ọ̀pọ̀ káńsù ni kì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọdé ní láíbìrì ìlú bí ìwé bá pẹ́.

2. Ẹ wá ààyè kan fún ìwé nínú ilé, kódà bí ó jẹ́ páálí kan lábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ ni ìwé láíbìrì yóò máa sùn, kò sì ní sọnù.

3. Ẹ fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, kí tẹlifísọ̀n wà ní pípa. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru lè ṣe é kí ó tó jáde, tàbí kí ẹ̀gbọ́n ka fún àbúrò.

4. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara lẹ́nu yín, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ní kí ọmọ kà á, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì sọ ìtàn náà fún yín ní Yorùbá. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, Fílípì bá ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí ó ń kàwé nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ bi í ni bóyá ohun tí ó ń kà yé e. Ìbéèrè yẹn kò gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí lè bi ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ èdè méjèèjì.

5. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan ìwé fúnra rẹ̀. Bí ó bá mú ìwé apanilẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹ wò ó kí ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹ̀gàn lé e.

6. Ẹ lo ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní World Book Day, tí ó máa ń wáyé ní oṣù March, ilé ẹ̀kọ́ máa ń fún ọmọ ní ìwé owó £1 tí a lè fi gba ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ọjọ́ náà láì fi owó kún un. Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn láíbìrì ìlú ń ṣe ètò ìwé kíkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ sì ń gba ẹ̀bùn bí ó ti ń kàwé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti parí

Ní ọjọ́ kejì tí olùkọ́ bá mi sọ̀rọ̀, mo béèrè fún fọ́ọ̀mù mìíràn, mo sì fi ọwọ́ sí i. Ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ náà mú wá sílé, ejò ni ó dá lé lórí. Kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta nílé tí àbúrò rẹ̀ fi da ọbẹ̀ sí i, tí epo pupa sì rin ojú ìwé mẹ́rin. Ọmọ náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n má yá ìwé mọ́."

Mo fi £5 sínú àpòòwé, mo gbé ìwé náà, mo sì tọ ẹni tí ń tọ́jú láíbìrì lọ. Ó ṣí ìwé náà, ó wo ibi tí epo wà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ràn ìwé tí ó bàjẹ́ níbi tí ọmọ ti ń kà á ju èyí tí ó mọ́ tónítóní tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ. Kò gba owó náà. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé ìwé mìíràn nípa ejò wà níbẹ̀, òun ti fi pamọ́ dè é.

Ọmọ náà kò di ẹni àkọ́kọ́ ní kíláàsì rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ó ti lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá, ó sì ń ka ìwé fún àbúrò rẹ̀ tí ó da ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ará, ohun tí mò ń bẹ̀rù pé yóò di gbèsè, àpòòwé kan tí wọn kò gbà ni ó já sí. Bí fọ́ọ̀mù bá wà nínú báàgì ọmọ yín ní alẹ́ òní, ẹ mú kálàmù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ǹjẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa ní láíbìrì? Ọjọ́ wo ni kíláàsì rẹ̀ ń lọ síbẹ̀?
2. Ìwé wo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé yìí fẹ́ràn jù lọ, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dáhùn fúnra wọn.
3. Ìwé wo ni bàbá tàbí ìyá kà nígbà èwe wọn tí wọn kò tíì gbàgbé? Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ.
4. Níbo nínú ilé wa ni ìwé láíbìrì yóò máa wà?
5. Ǹjẹ́ ìdílé kan wà nínú ìjọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ọ̀nà láíbìrì? Ta ni nínú wa tí yóò mú wọn lọ ní Sátidé tí ń bọ̀?